Bí ẹ ṣe lè sọ èrò tó nítumọ̀ lórí fíìmù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Àwa olùkọ́ mẹ́fà la máa ń wo fíìmù kan lọ́sẹ̀, tó bá di ọjọ́ Ajé a ó jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ níbi iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá kàn mí, "ó dùn" tàbí "kò dùn" náà ni mo máa ń rí sọ. Èyí tá a wò kẹ́yìn, fíìmù ogun ayé àtijọ́ ni, gbogbo wọn ló gbóríyìn fún un. Èmi mọ̀ pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó nínú ẹ̀, àmọ́ mi ò rí i dì mú. Orí fóònù ni mo ti wò ó. Ṣé mo gbọ́dọ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa fíìmù ni? Kí ló yẹ kí n máa wò? Báwo ni mo sì ṣe lè sọ ọ́ tí mi ò fi ní bà á jẹ́ mọ́ ẹni tí kò tíì wò ó lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Kò di dandan kí ẹ lọ sílé ìwé fíìmù. Ohun tí ẹ ní ó kù díẹ̀ káàtó yẹn, etí yín tàbí ojú yín ti mọ̀ ọ́n. Ẹnu yín ni kò tíì bá a. "Ó dùn" àti "kò dùn", ìdájọ́ ni wọ́n, ìdájọ́ ló sì máa ń gbẹ̀yìn ẹjọ́. Ẹ̀rí ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá ní "fíìmù yẹn ò dùn" kò fún ẹlòmíì ní ohun tó lè bá a jiyàn lé. Ẹni tó bá ní "nígbà tí ìyá yẹn gbọ́ pé ọmọ òun ti kú, orin ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò gbọ́ gbólóhùn tó sọ" ti mú ẹ̀rí wá. Ẹlẹgbẹ́ yín tó gbóríyìn fún fíìmù náà lè padà lọ wo ibẹ̀, kó gbà tàbí kó kọ̀.

Nítorí náà, ìṣẹ́jú ni kí ẹ máa mú. Tí ẹ bá ń wo fíìmù, ẹ fi bébà pélébé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbàkígbà tí ọkàn yín bá kúrò nínú ẹ̀, tí ọwọ́ yín lọ síbi WhatsApp, tàbí tí ẹ ṣàdéédéé rántí pé ẹ ò tíì gbé omi kaná, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó wà lójú fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì: "34, ariwo", "52, ta nìyí?" Ẹ má dá fíìmù dúró. Ẹ tún kọ ibi tí ẹ ti gbàgbé ara yín, tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu yín tàbí tí omi lé sójú yín láìròtẹ́lẹ̀. Tó bá parí, ẹ padà sí ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, àmọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ṣáájú. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ kì í sábà jẹ́ ibi tó ti sú èèyàn gan-an. Ó ti ń bàjẹ́ bọ̀ kó tó súni. Àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó fún fíìmù kan. Bí ẹ bá rí ogún, á jẹ́ pé àṣìṣe lẹ̀ ń ṣọ́, ẹ ò wo fíìmù.

Ẹ wá ní orí fóònù lẹ ti wò ó. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń kà sí fíìmù lọ́rùn, fóònù ló jẹ̀bi ẹ̀. Ẹnu kékeré tí ohùn ti ń jáde nídìí fóònù kò lágbára àtigbé ohùn ìsàlẹ̀. Nínú fíìmù Yorùbá, ìyáàlù lè máa sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìran kan: ó lè máa kìlọ̀ fún ọba, ó lè máa ki ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán kó tó yọjú. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti parẹ́, ọ̀rọ̀ ìlù náà ò ní dá ṣáká mọ́, ẹ ó kàn máa gbọ́ kanran-kanran. Ẹ fi íápíìsì sí i, kó sì wà ní etí méjèèjì. Bí èèyàn méjì bá pín íápíìsì kan, tí kálukú mú ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ kejì ò ní dé etí ẹnì kan nínú yín.

Ti àwòrán náà ńkọ́? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà sẹ́yìn, YouTube á dín bí àwòrán ṣe mọ́ tó kù fúnra rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́tótó rẹ̀ lè wálẹ̀ dé 240 tàbí 144. Ìran tó bá ṣẹlẹ̀ lóru á di àpólà-àpólà dúdú, ẹ ó wá sọ pé wọn ò tan iná. Ẹ tẹ àmì tó dà bí eyín ẹ̀rọ, kí ẹ yan 720, tàbí 480 ó kéré tán. Bí dátà ò bá gbà á, ẹ wò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má sọ nǹkan kan nípa ìmọ́lẹ̀. Bí ẹlẹgbẹ́ yín kan bá sì wò ó lórí tẹlifíṣàn ńlá, tó ní orin ń pariwo, ọ̀rọ̀ ò gbọ́, ẹ ní kó wo ibi ètò ohùn. Ohùn oníhò mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní 5.1 ti ya ọ̀rọ̀ ẹnu sọ́tọ̀ sí àárín. Bí tẹlifíṣàn oníhò méjì bá fún un pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ń rẹlẹ̀. Kó yan stereo, ìyẹn ohùn oníhò méjì, kó tún ìran kan wò, kó tó dá olùdarí lẹ́bi.

Lẹ́yìn èyí, ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe àwòrán. Èèyàn máa ń fara da àwòrán tí kò mọ́ tó, àmọ́ ohùn tí kò dáa máa ń lé e jáde kúrò nínú ìtàn, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní mọ ohun tó lé òun. Ẹ mú ìran kan tí èèyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀, ẹ di ojú yín fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ máa gbọ́. Ṣé inú yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì wà? Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ kọjú kámẹ́rà sí bàbá, wọ́n á gba gbogbo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á tún iná tò, wọ́n á kọjú kámẹ́rà sí ìyá. Wákàtí kan lè ti wà láàárín. Nígbà tí wọ́n ń gba ti bàbá, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ṣiṣẹ́; nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá, wọ́n ti pa á. Tí olótùú bá wá lẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́ra, híìn-ìn jẹnẹrétọ̀ á máa bá bàbá wọlé, á sì máa dákẹ́ lójijì tó bá kan ìyá. Ojú ń rí tọkọtaya lórí àga kan, etí ń gbọ́ ilé méjì. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan nínú yàrá náà, yóò gba ìdákẹ́ yàrá yẹn sílẹ̀, yóò sì tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kó lè di ọ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ ìdákẹ́ tó ń já, tó ń so, ìkánjú ló fà á, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn wà tí etí lè mú. Ilé tuntun tí wọ́n fi táìlì tẹ́, tí kò sí kọ́tìnnì tàbí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, máa ń dá ohùn padà. Ọ̀rọ̀ á máa dún bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì òfìfo. Aṣọ ìbora méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́ sí ẹ̀yìn kámẹ́rà níbi tí kò ti ní hàn lè dín in kù, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Èkejì ni kí ojú òṣèré súnmọ́ wa tímọ́tímọ́, kí ohùn rẹ̀ wá máa bọ̀ láti òkèèrè: máìkì tó wà lórí kámẹ́rà ni wọ́n lò, wọ́n sì fa àwòrán mọ́ra láì fa máìkì mọ́ra. Ẹ̀kẹta ni ohùn tí wọ́n gbà lẹ́yìn, tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ ẹnu. Bí ẹ bá fura, ẹ ṣọ́ lẹ́tà b, m àti p. Kò sí bí ẹnu ẹ̀dá ṣe lè pe "bàbá mi" kí ètè méjèèjì má pàdé. Bí ẹ bá ń gbọ́ "bàbá mi" tí ẹnu òṣèré là sílẹ̀, ọwọ́ yín ti tẹ̀ ẹ́.

Lórí àwòrán, mi ò ní pẹ́. Bí ìran bá ṣẹlẹ̀ lóru tí fìtílà kan ṣoṣo wà lórí tábìlì, ẹ wo ibi tí òjìji wà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ máa ń ju òjìji sókè sára ògiri. Bí òjìji bá wà lẹ́sẹ̀ wọn, iná wà lájà. Bí ojú òṣèré bá dúdú kirimù, tí fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn yòò, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni wọ́n ṣètò kámẹ́rà fún, kì í ṣe ti ojú rẹ̀. Bí èèyàn méjì bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí àwọn méjèèjì ń wo apá ọ̀tún, á dà bí ẹni pé ẹnì kẹta kan ni wọ́n jọ ń bá wí. Ti gèlè tó yí padà láàárín ìran, tàbí omi ife tó kún lẹ́yìn tí wọ́n ti mu ún, ẹ fi sílẹ̀. Kíka irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èrò, àyàfi tó bá mú yín ṣìnà nínú ìtàn.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n kan náà wọn eré ṣíṣe inú fíìmù àtijọ́ àti tòní. Àwọn tó ṣe fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́, irú àwọn tó ṣe "Ajani Ogun" ní 1976 àti àwọn ará Hubert Ogunde tó ṣe "Aiye" ní 1979, orí ìtàgé ni wọ́n ti wá. Nínú gbọ̀ngàn, ohùn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ gbòòrò kí wọ́n tó rí i. Bí wọ́n bá ń pariwo nínú fíìmù 1979, àṣà iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà òde òní bá wà ní ìwọ̀n apá kan sí ojú òṣèré, tó ṣì ń jágbe bí ẹni ń pe ọmọ láti oko, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ gan-an ni kí ẹ máa wò. Ẹni tí wọ́n ń sọ ìròyìn burúkú fún, ṣé ó gbọ́ ọ? Ṣé ojú rẹ̀ yí kí ẹnu rẹ̀ tó la, àbí ó kàn ń dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa kàn án? Nínú èyí lẹ ó ti mọ òṣèré tó mọṣẹ́ kíákíá.

Ìtàn náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ mú ìran márùn-ún tó tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ fẹnu so wọ́n pọ̀ bí ẹni ń ròyìn fún ẹni tí kò sí ńlé. Bí ẹ bá rí i pé "nígbà tó yá" lẹ fi ń so wọ́n, ìtàn ò lágbára: bàbá fẹ́yàwó kejì, nígbà tó yá ọmọ ṣàìsàn, nígbà tó yá olè wọlé. Bí ó bá jẹ́ "nítorí bẹ́ẹ̀" àti "ṣùgbọ́n" ló ń wá sẹ́nu yín, ìtàn dúró: bàbá fẹ́yàwó kejì, nítorí bẹ́ẹ̀ ìyáálé kó owó ọjà pamọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ṣàìsàn kò sì lè yọ owó náà kí àṣírí má tú. Ohun tó sábà máa ń ba tiwa jẹ́ ni ọ̀nà àbáyọ tó jábọ́ látọ̀run: àlá kan, wòlíì kan tí a ò rí rí, tàbí ẹni ibi tó ṣàdéédéé ya wèrè tó sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú títì. Mi ò ní kí àlá tàbí wòlíì má sí nínú fíìmù Yorùbá. Ó wà nínú ayé wa. Kí wọ́n ti gbìn ín sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, kó má jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn ló wọlé dé.

Ó wá ku fíìmù ogun tí ẹ béèrè lé lórí. Irú fíìmù yìí ti pọ̀ gan-an láti nǹkan bí 2022, owó ńlá ń wọ̀ ọ́, ó sì tọ́ kí àwa tí ìtàn náà jẹ́ tiwa fi ojú tó mọ́ wò ó. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí fíìmù náà pe ara rẹ̀. Bó bá ní àlọ́ lòun, tí ìlú inú rẹ̀ kò sí ní ayé, ó lómìnira láti da nǹkan pọ̀. Bó bá dárúkọ ìlú, ẹni àti ọdún, ó ti fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì dì í mú.

Ẹ jẹ́ ká fi ogun tí gbogbo ọmọ Èkìtì mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ogun Kírìjí láàárín Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò tú ká kúrò ní bùdó títí di 1893. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wà lára àwọn aṣíwájú Èkìtìparapọ̀. Ìró ìbọn ló sọ ogun náà lórúkọ. Ìbọn ìgbàlódé ìgbà yẹn, èyí tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn, ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá wọn wá, òun sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí Ìbàdàn borí wọn. Bí ẹnì kan bá wá ṣe fíìmù Kírìjí tó jẹ́ idà àti ọfà nìkan ni wọ́n fi jà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun èlò lásán. Ó ti yọ ìdí tí ogun fi gùn tó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìtàn.

Ẹṣin náà ńkọ́? Ọ̀yọ́ ilé ní ẹlẹ́ṣin torí ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Nínú igbó, eṣinṣin tsetse máa ń kó àìsàn ran ẹṣin, kì í pẹ́ láyé níbẹ̀. Òkè àti igbó tiwa yìí kì í sì í ṣe ibi tí ẹṣin ti lè sáré ya wọ inú ọ̀tá. Àwọn jagunjagun Èkìtì tó bá wá ń gẹṣin rọ́ bí omi nínú fíìmù, ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹ wo aṣọ pẹ̀lú. Léèsì tí ẹ̀rọ fi òwú ṣọnà sí, tí wọ́n ń kó wá láti Austria, lẹ́yìn òmìnira ló tó kún ọjà wa. Kò sí bó ṣe lè wà lọ́rùn olorì ọdún 1800. Òfì, ẹtù, sányán àti àdìrẹ aláró ni kí ẹ máa wá. Ẹ wo adé: adé tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bo ojú, ọjọ́ pàtàkì ni ọba ń dé e. Ọba tó dé e jẹ ẹ̀kọ nínú yàrá fi hàn pé wọn ò bi ará ààfin kankan léèrè, àgàgà ní Èkìtì tí aládé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ o, bí gbogbo èyí bá tilẹ̀ pé, fíìmù ogun ṣì lè kù díẹ̀ káàtó, mo sì rò pé ibí yìí ni tiyín wà. Ìjà tí èèyàn ò bá mọ ibi tí kálukú dúró sí kì í dẹ́rù bani. Kí idà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé, ó yẹ kí kámẹ́rà ti fi pápá náà hàn wá láti òkè tàbí láti ọ̀nà jíjìn: àwọn tiwa wà lórí òkè, odò wà lẹ́yìn wọn, ọ̀tá ń gun òkè bọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, a ó máa mọ ẹni tó ń sá àti ẹni tó ń lé. Ṣùgbọ́n bí owó bá mọ níba tó jẹ́ pé ọgbọ̀n èèyàn ni wọ́n rí, tí wọ́n fẹ́ kó dà bí ẹgbẹ̀rún, wọ́n á gbé kámẹ́rà wọ àárín wọn, wọ́n á mi í, wọ́n á da eruku, wọ́n á gé e ní ìṣẹ́jú àáyá kan-kan. Ojú á máa kún, ọkàn ò sì ní mọ nǹkan kan. Ẹ tún wo bí ohun ìjà ṣe wúwo sí. Ẹni tó ń fi idà irin jà, apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀ tó bá yá. Ìmí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yára. Bí ó bá ń yí i bí igi ìgbálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a ti mọ̀ pé pákó tàbí rọ́bà ni. Lẹ́yìn ogun ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ń tiro? Ẹni tí wọ́n ṣá lónìí, ṣé ọgbẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ tó bá di ọ̀túnla? Fíìmù tó bá gbàgbé ọgbẹ́ ti sọ fún wa pé ogun ò dunni.

Èdè ni ẹ̀yin olùkọ́ lè fi jù wọ́n lọ. Ẹ máa ka orúkọ tó ń jáde ní ìparí fíìmù, kí ẹ mọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, yàtọ̀ sí ẹni tó sọ ọ́. Bí àwọn èèyàn ṣì ń fi gbólóhùn inú "Saworoide" ti 1999 sọ̀rọ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ ọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ìyìn, kí Tunde Kelani tó darí rẹ̀ wá gba tirẹ̀. Òwe tó bá bá ọ̀rọ̀ mu máa ń yí ìpinnu ẹnì kan padà nínú ìran. Òwe mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn láìsí ẹni tó yí ọkàn padà, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọfọ̀ náà ní òfin. Orúkọ ewé tàbí ẹranko tí wọ́n pè gbọ́dọ̀ ní ohun tó jọ ohun tí wọ́n ń béèrè: bí wọ́n bá pe àlùpàyídà, yíyí padà ló yẹ kí wọ́n máa tọrọ. Ẹni tó bá pe é láti fi wá owó kàn ń dún ni.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ẹ̀ka èdè tiwa dáadáa. Òṣèré tó bá ń fi Èkìtì ṣeré sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, á wá fi ohùn fà á kó lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ ọ́n wà létí yín: níbi tí Yorùbá ìwé ti fi "i" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Èkìtì máa ń fi "u" bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, bíi "ulé" fún "ilé", bíi Ùdírókò tí wọ́n ń ṣe l'Adó. Bí òṣèré bá ní "ulé" nínú gbólóhùn kan, tó tún ní "ilé" àti "ìlú" nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó tọ́ ọ sọ́nà. Kí ẹ sì wo ẹni tí wọ́n fi ẹ̀ka èdè náà fún. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìkan ló ń sọ ọ́, tí ọba Èkìtì àti agbẹjọ́rò Èkìtì inú fíìmù kan náà wá ń sọ ti Ọ̀yọ́ tinútinú, ẹ sọ ọ́ jáde. Àbùkù ni.

Lórí ìtumọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀, ẹ ṣàánú wọn díẹ̀. Òfin Netflix ò fàyè gba ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan kì í sì í ju nǹkan bí lẹ́tà 42 lọ. Oríkì gígùn ò lè wọ ibẹ̀ tán. Ẹ bá wọn wí bí ìtumọ̀ bá yí ọ̀rọ̀ po, kì í ṣe nítorí pé ó kúrú.

Báwo lẹ ṣe máa wá sọ ọ́ láì bà á jẹ́ mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́? Ẹ má sọ ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Nínú fíìmù oníwákàtí méjì, ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn, ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ sì máa ń tó. Ẹ má ròyìn ìtàn ju gbólóhùn kan lọ. Ẹ wo bó ṣe lè rí, lórí fíìmù tí mo kàn fi ọkàn yà:

"Ìyàwó jagunjagun kan ló ń ṣọ́ ilé nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun. Ibi tí mo fẹ́ràn jù wà ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú: ó ń gúnyán, ó gbọ́ ìlù lókèèrè, ọmọ odó dúró lókè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni ogun àkọ́kọ́. Ẹ̀wù gbogbo wọn jọra, mi ò mọ ẹgbẹ́ tó wà lórí òkè, torí náà nígbà tí wọ́n hó yè, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá yọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìjìnlẹ̀ èdè á gbádùn ẹ̀. Ẹni tó ń wá ìjà, kó má retí púpọ̀."

Gbólóhùn mẹ́fà péré, kò sì tú àṣírí kankan. Ẹ ṣàkíyèsí pé "mo fẹ́ràn" àti "wọ́n ṣe é dáadáa" kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ lè ní "mi ò fẹ́ràn fíìmù tó ń parí sí ikú, àmọ́ wọ́n ṣe èyí dáadáa." Ẹlẹgbẹ́ yín náà lè fẹ́ràn fíìmù ogun yẹn torí òṣèré kan tàbí torí orin, kí ẹ̀yin méjèèjì sì tọ̀nà.

Fún fíìmù tiyín, ẹ fi íápíìsì sí etí méjèèjì, ẹ padà sí ìṣẹ́jú méjì tó ṣáájú ogun àkọ́kọ́. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi pápá hàn yín. Lẹ́yìn náà ẹ pa ohùn, ẹ wo ogun náà látòkèdélẹ̀ láìsí ohùn, kí ẹ sì gbìyànjú láti fi ìka tọ́ka sí ẹni tó ń borí. Bí ẹ ò bá lè tọ́ka, ohun tí ẹ ń wá nìyẹn, ẹ sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ bá lè tọ́ka dáadáa, ẹ tan ohùn padà, kí ẹ di ojú, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: ó lè jẹ́ ohùn idà kan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀.